Nóòtù kún, ẹnu ò là: báwo lẹ ṣe ń kọ nóòtù tẹ́ ẹ bá ń kọ́ èdè tuntun?

aranso_takie:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ nǹkan kan ló ń dà mí láàmú. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, aṣọ ni mò ń rán, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Faransé torí mo fẹ́ máa lọ ra léèsì àti àǹkárá fúnra mi ní Kútọnù, ó ti sú mi kí wọ́n máa bá mi rà á kí wọ́n tún máa fowó lé e. Kíláàsì wa, Sátidé ni, tó bá di alẹ́ mo tún máa ń wo fídíò lórí YouTube. Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé gbogbo nǹkan tí tíṣà bá ti sọ ni mo máa ń kọ, àfi bó bá ń wúkọ́. Ìwé nóòtù mi ti kún, ó mọ́, mo fi rúlà fàlà sí i, Faransé lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún, ẹni tó bá rí i á ní mo ti ń gbọ́ ọ geere. Ẹ wá jẹ́ kẹ́nì kan kí mi pé "comment ça va" kó tún fi gbólóhùn kan lé e, ó tán nìyẹn, kò sí ìkankan nínú ohun tí mo kọ tó máa wá sẹ́nu.

Ṣé Yorùbá ni kí n máa fi kọ ìtumọ̀ ẹ̀ ni àbí Gẹ̀ẹ́sì? Ṣé kí n máa kọ bí wọ́n ṣe ń pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀? Ẹ má sọ pé kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ wọn o, aṣọ ọdún àwọn oníbàárà wà nílẹ̀.

tisa_faranse:
Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ mà. Faransé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ohun tí mo rí nínú àlàyé yín ni pé ọwọ́ yín ló ń lọ kíláàsì, etí yín ò ráyè. Tí tíṣà bá ń sọ̀rọ̀, ẹ gbé bírò jẹ́ẹ́, ẹ wo ẹnu ẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e, kìkì èyí tó bá yà yín lẹ́nu tàbí èyí tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ máa lò lọ́jà ni kẹ́ ẹ kọ. Tí kíláàsì bá parí, kẹ́ ẹ tó gun ọ̀kadà, ẹ jókòó díẹ̀, ẹ pa ìwé dé, ẹ mú pépà tí nǹkan kan ò sí nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rántí, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ṣí ìwé wo èyí tó sá lọ. Èyí tó sá lọ yẹn gan-an ló yẹ kó wà nínú nóòtù, èyí tẹ́ ẹ ti mọ̀ kí lẹ tún ń kọ ọ́ sí?

Ará Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus, ara ẹ̀ ló fi dán an wò, 1885 ló tẹ ohun tó rí jáde: ó há àwọn sílébù tí ò nítumọ̀ sórí, ó wá ń ṣọ́ bó ṣe ń gbàgbé wọn. Láàárín wákàtí kan péré, ó ti lé ní ìdajì tó ti lọ, èyí tó kù ló wá ń rọra lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá wo Sátidé sí Sátidé. Tẹ́ ẹ bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ wò ó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tẹ́ ẹ tún wò ó ní Sọ́ńdè, ó sàn ju kẹ́ ẹ jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta ní Fúráìdé.

Nǹkan kejì, ẹ má kọ orúkọ nǹkan kan sílẹ̀ láìfi "un" (fún ọ̀rọ̀ akọ) tàbí "une" (fún ọ̀rọ̀ abo) ṣíwájú ẹ̀. Ìwé púpọ̀ máa ń lo "le" àti "la", kò burú, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, l' lásán ló máa kù, ẹ ò ní mọ̀ bóyá akọ ni àbí abo. L'aiguille, abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ ń lò lójoojúmọ́, ta ló mọ èyí tó jẹ́? Ẹ kọ ọ́ ní "une aiguille", ó parí. Òwú, "un fil". Bọ́tìnnì, "un bouton". Sísọ́ọ̀sì, "des ciseaux". Ọ̀rọ̀ ìdí iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, orúkọ ẹranko tó wà lójú ewé kejì nínú gbogbo ìwé Faransé yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fáwọn ọmọ wa.

Kẹ́ ẹ sì máa kọ odidi gbólóhùn. "Je voudrais trois mètres de ce tissu", mo fẹ́ mítà mẹ́ta nínú aṣọ yìí. Lọ́la ẹ fi cinq (márùn-ún) rọ́pò trois (mẹ́ta), lọ́tùn-únla ẹ sọ ọ́ di "de cette dentelle" fún léèsì. Gbólóhùn kan yẹn á bí mẹ́wàá fún yín, gírámà wà nínú ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ń fa táábù.

alajapa_kutonu:
Tíṣà ẹ kú làálàá, àmọ́ mítà kẹ̀? Ẹni tó bá bèèrè àǹkárá ní mítà ní Dantokpa, ọjà ńlá Kútọnù, wọ́n á ti mọ̀ pé àlejò dé 😂 "Pagne" ni wọ́n ń kà. Pagne kan, yáàdì méjì. Pagne mẹ́ta ni yáàdì mẹ́fà wa, òun ni wọ́n ń pè ní "demi-pièce", tó bá di pagne mẹ́fà ó ti di odidi "pièce", yáàdì méjìlá nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́.

Aránṣọ, ẹ gbọ́ mi, owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún òǹkà nìkan. Láti oókan dé ọgọ́ta kò le, 70 sókè ló ń dààmú àwọn èèyàn: 70 ni "soixante-dix", ọgọ́ta lé mẹ́wàá, 80 ni "quatre-vingts", ogún mẹ́rin, 90 ni "quatre-vingt-dix", ogún mẹ́rin lé mẹ́wàá. Àwọn tó ń ti Gẹ̀ẹ́sì wá sínú ẹ̀ ló ń pariwo pé orí ń fọ́ wọn, kí ló kan ọmọ Yorùbá níbẹ̀, ṣebí ogún mẹ́rin náà ni ọgọ́rin? Torí náà lójú ewé yẹn ẹ yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò pátápátá. Ibi tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni àádọ́rin àti àádọ́rùn-ún, tiwa ń dín mẹ́wàá, tiwọn ń lé mẹ́wàá. Ẹ má sì kọ lẹ́tà ẹ̀ jánganjàngan kẹ́ ẹ máa kà á, ẹ kọ nọ́ńbà lásán, 75, 92, 4.500, 18.000, kẹ́ ẹ máa nawọ́ sí i kẹ́ ẹ máa pè é sókè. Bí oníṣòwò ṣe máa pè é nìyẹn, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Èmi ò lọ kíláàsì kankan o, inú fóònù ni nóòtù tèmi wà. Màmá tí mò ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀ kó pe iye gbogbo ọjà sínú ẹ̀ fún mi, màá máa gbọ́ ọ nínú mọ́tò tí mo bá ń bọ̀ wálé, màá máa tẹ̀ ẹ́ dúró, màá sọ tèmi tẹ̀ lé e. Ohun kan ṣá: Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ débi pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ lè lọ kẹ́ ẹ bọ̀ láìsọ Faransé kankan. Ẹ ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá tẹ́ ẹ bá débẹ̀, àfi tí wọ́n bá ń fi Yorùbá sọ yín, kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ lábẹ́lẹ̀.

omo_gaana:
Nóòtù, nóòtù, nóòtù. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ ń ṣòwò ní Gáánà, nóòtù wo ni wọ́n kọ? Bàbá tó bí bàbá mi ò mọ ááfà, ó gbọ́ Haúsá, ó gbọ́ Twi, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àjòjì tí ò níwèé máa lọ ní 1969, ó kó gbogbo èdè náà bọ̀ wálé láìsí bírò kankan lápò. Ẹ lọ sọ̀rọ̀ jàre.

tisa_faranse:
@omo_gaana bàbá wa gbénú ẹ̀ ni, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ní Sátidé nìkan, kí lẹ fẹ́ kó fi rọ́pò ìyẹn? Kódà àwọn tó ń ka Faransé ní yunifásítì, Abúlé Faransé tó wà ní Àjárá ní Bàdágírì ni wọ́n máa ń rán wọn lọ kí wọ́n lè gbénú èdè náà fúngbà díẹ̀. Ẹni tí ò ráyè lọ, ìwé ló kù fún un.

onikewu_oyo:
As-salaamu alaykum. Lárúbáwá ni èmi kọ́ ní tèmi, ní Ọ̀yọ́ níbí, nílé kéwú àtijọ́. Ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ tẹ́ ẹ bèèrè yẹn, ojú wa rí i. Ààfáà á ka ìlà kan, á tú u sí Yorùbá, àwa náà á wá kọ Yorùbá ẹ̀ wínníwínní sáàárín ìlà, lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà míì ààyè ò ní sí mọ́ a ó gbé e lọ sétí ìwé, a ó fi ìlà fà á wá. Lẹ́tà Lárúbáwá náà la tún fi ń kọ Yorùbá ọ̀hún. Fún ẹni tó fẹ́ lóye ìwé, kò síyẹn. Àmọ́ ojú ọ̀lẹ ni ojú, tó bá ti mọ̀ pé ìtumọ̀ wà lábẹ́, ibẹ̀ ló máa sáré lọ, kò ní wo ọ̀rọ̀ gan-an mọ́. Ìlà tẹ́ ẹ fi rúlà fà, tí Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí apá ọ̀tún yẹn, òun náà ni.

Ẹ gbé ìtumọ̀ jìnnà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ síwájú ewé, ìtumọ̀ sẹ́yìn ewé, tàbí kẹ́ ẹ ká ìdajì ìwé bò ó. Èmi fẹ́ràn wàláà, pátákó tí wọ́n fi ń kọ́ kéwú, ju gbogbo ẹ̀ lọ: ohun tí wọ́n bá kọ sí i fún ẹ lónìí, tó o bá ti há a, tó o kà á fún Ààfáà tó gbà á, wọ́n á ní kó o lọ fọ̀ ọ́. Tó o bá ti fọ̀ ọ́, kò síbi tó o fẹ́ lọ yọjú wò mọ́, orí ló kù.

nurse_jamani:
Ààfáà ẹ pa mí 😂😂 "ojú ọ̀lẹ ni ojú", màá kọ ọ́ sára ògiri.

Nọ́ọ̀sì ni mí, èdè Jámánì ni mò ń jà pẹ̀lú ẹ̀, B2, ìpele kẹrin nínú mẹ́fà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí èèyàn ṣe gbọ́ èdè tó, ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa lọ́hùn-ún. Tiwọn tún burú ju un àti une lọ torí mẹ́ta ni: der, die, das. Bírò mẹ́ta ni mò ń lò, búlúù fún der, pupa fún die, èyí tó ní àwọ̀ ewé fún das. Der Arzt, dókítà. Die Spritze, abẹ́rẹ́ (tiwa o, kì í ṣe ti aránṣọ). Das Fieber, ibà. Tí mo bá pajú dé nígbà ìdánwò, àwọ̀ ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rí. Mo tún máa ń kọ ti púpọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, der Arzt, die Ärzte, das Bett, die Betten, torí kò sí ìlànà kan tó máa sọ gbogbo ẹ̀ fún yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan lèèyàn ń mọ̀ ọ́n.

Ohun tí tíṣà sọ nípa odidi gbólóhùn, mo fọwọ́ sí i pátápátá. Nínú ìwé wọ́n á kọ "anrufen", láti pe èèyàn lórí fóònù. Ó dáa. Lọ́jọ́ iṣẹ́ ẹnì kan á wá ní "Ich rufe den Arzt an", "an" ti sá lọ sẹ́yìn pátápátá, ẹni tó kọ anrufen nìkan sílẹ̀ á máa wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Káàdì ló wá là mí lójú. Ọgbọ́n kan ni Sebastian Leitner kọ nípa ẹ̀ ní 1972: ẹ pín àpótí sí yàrá márùn-ún, gbogbo káàdì tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní àkọ́kọ́. Ẹ wo iwájú, ẹ sọ ohun tó wà lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá gbà á ó bọ́ sí yàrá kejì, tẹ́ ẹ bá ṣì í ó padà síbi àkọ́kọ́ kódà bó bá ti dé ìkẹrin. Yàrá àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ lẹ ó máa wò ó, bẹ́ ẹ ṣe ń lọ síwájú lẹ ó máa jẹ́ kó pẹ́ sí i. Báyìí àwọn ọ̀rọ̀ tó le fún yín ni ẹ ó máa rí jù, àwọn tẹ́ ẹ ti mọ̀ ò ní gba àkókò yín. Áàpù kan tó ń jẹ́ Anki lórí fóònù ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ọ̀fẹ́ ni lórí Android, ti iPhone ni wọ́n ń gbowó. Àmọ́ níbi tí iná wa wà yìí, tí fóònù bá kú ẹ̀kọ́ náà kú, mo fẹ́ràn páálí jù. Ẹ má kàn lọ gba èyí tí ẹlòmíì ti ṣe sílẹ̀ o, bẹ́ ẹ ṣe ń jókòó kọ ọ́ gan-an, ìdajì ẹ̀ ti wọlé.

aranso_takie:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín, Ààfáà pàápàá. Ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é. Lẹ́tà Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, "bọnjúù", "mẹsí", tíṣà mi ní kí n yéé ṣe bẹ́ẹ̀.

tisa_faranse:
Ẹjọ́ ò tíì dá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Yorùbá sún mọ́ Faransé níbẹ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, é tiwọn ni "e" wa, è tiwọn ni "ẹ" wa, a sì ní fáwẹ̀lì àránmúpè, "bọn" tẹ́ ẹ kọ fún "bon" fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún àmì orí é, kì í ṣe àmì ohùn, ọmọ Yorùbá tó bá ti rí i ohùn òkè ló máa fẹ́ fi pè é, "café" á di orin sí i lẹ́nu. Ibi tí lẹ́tà wa ò ti ní í gbà yín ni "u" inú "tu" àti "rue", a ò ní i. Ẹ ká ètè bí ẹni tó fẹ́ pe "u", kẹ́ ẹ wá pe "i" láìtú ètè. "Vous" ló jẹ́ "u" tiwa. Tó bá jẹ́ èmi, màá fàlà sábẹ́ gbogbo "u" bẹ́ẹ̀ nínú nóòtù, lẹ́tà tí wọn ò sì ń pè nípàárí màá fi lẹ́ẹ̀dì dá a lágbelébùú, bíi p inú "beaucoup" àti "trop". Ìyẹn tó, ẹ má kọ odidi ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, etí ló máa ṣe ìyókù, ẹ fi fídíò yẹn gbọ́ ọ.

alajapa_kutonu:
"C'est trop cher!", ó ti wọ́n jù! Ẹ mọ ìyẹn dáadáa, kẹ́ ẹ fi "diminuez un peu", ẹ dín in kù díẹ̀, lé e, kẹ́ ẹ wá máa ṣe bí ẹni tó fẹ́ máa lọ.

aranso_takie:
😂😂 Ìyẹn ò ṣòroó kọ́ fún mi. Nọ́ọ̀sì, níbo lẹ ti ń ra káàdì yẹn? Èyí tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù ìwé wọ́n.

nurse_jamani:
Ẹ má rà á o jàre. Àwọn tó ń tẹ káàdì ìyàwó máa ń gé etí páálí kù, wọ́n ń dà á nù ni, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó o fún yín. Àbí páálí tẹ́ ẹ fi ń gé pátáànù dà? Ẹ gé e kó tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ wá àpótí bàtà, ẹ fi páálí dá a sí márùn-ún. Má ṣe ju mẹ́wàá tuntun lọ lójúmọ́, torí àwọn ti àná náà máa wá bèèrè tiwọn.