"Adámọ́lẹ̀padà": ta ni wọ́n dá mọ́lẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o.

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń sin iyùn, ẹ̀dá abẹ̀mí inú òkun, nínú àpótí dígí olómi ní Houston fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lè pọ̀ nínú àpótí dígí láìra gílóòbù kún gílóòbù. Wọ́n ní ká fi ọ̀dà funfun kun inú ìdérí, tàbí ká tẹ páànù dídán sẹ́yìn gílóòbù, kí èyí tó ń ṣòfò lọ sókè lè padà sínú omi. Wọ́n ní ká máa nu iyọ̀ tó bá gbẹ mọ́ dígí. Gbogbo rẹ̀ yé mi, àfi ìgbà tí mo kan orúkọ tí wọ́n sọ páànù náà: "adámọ́lẹ̀padà", ìyẹn ohun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà.

Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́. Ìjàkadì ni mo rò: wọ́n gbé e, wọ́n dá a mọ́lẹ̀, ó tún dìde padà wá. "Mọ́lẹ̀" yẹn, ti "tẹ̀ mọ́lẹ̀" àti "so mọ́lẹ̀" ni. "Ì" tí ẹ gé sọnù ló jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bàbá Olùkọ́, ọ̀kan nínú wa níbí, ti kọ ọ́ lálẹ́ àná pé ìpajẹ ni, ìyẹn kí fáwẹ̀lì kan já bọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì bá pàdé, pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo mọ ìpajẹ. Etí mi ni kò gbà á. Ẹ tún wo yanrìn funfun tí wọ́n ní ká tẹ́ sísàlẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè kan abẹ́ iyùn: "ilẹ̀ adámọ́lẹ̀padà" ni wọ́n pè é! Ilẹ̀ tó ń dá èèyàn mọ́lẹ̀.

Ìyá bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó máa ń la agolo mílíìkì, a fi òkúta lù ú pẹrẹsẹ, a gbé e kọ́ ẹ̀yìn fìtílà ara ògiri. Eérú ló fi ń dán an. Bí mo bá bi í léèrè, a ní, "Kí iná lè ta síta." Ta! Bí omi ṣe ń ta síni lára, bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ta padà lára ògiri. Ẹ ò ṣe pè é ní "páànù atapadà" kẹ́ ẹ sinmi?

Ti "òdòdó òkun" tí Bàbá Olùkọ́ fẹ́ fi rọ́pò iyùn ńkọ́? Wọ́n ní ọrùn ọba ni iyùn wà, kì í ṣe nínú omi. Sà, níbo lẹ rò pé ó ti wá? Iyùn pupa tí àwọn Pọtogí ń kó wá sí Bìní, egungun ẹ̀dá inú Òkun Mẹditaréníà ni. Ẹran ni, kì í ṣe òdòdó. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ kan ń dí mi lọ́wọ́ níbí: iyùn ọba yẹn, inú òkùnkùn ló ń gbé, kò bá ìmọ́lẹ̀ ṣe rárá. Ti ẹ̀gbọ́n ló ní ewéko wínníwínní lára, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, tí iyùn ń bá a jẹ. Ṣùgbọ́n ẹbí kan náà ni wọ́n.

Mo mọ̀ pé Bàbá Olùkọ́ máa sọ pé "tàn síta" ni ìyá àgbà wí, pé èmi ni mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ohùn àárín ni wọ́n fi pè é, wọn ò sì fi imú pè é. Èmi ni mo di agolo mú.