Ọmọ méjì, ìyàwó tí kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, ọjọ́ kan ní Dry Tortugas: báwo ni ká ṣe é?

Bàbá Ìbídùn

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ojúmọ́. A ti sanwó ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ láti Key West, ìlú tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù Florida, sí Dry Tortugas, àwọn erékùṣù kéékèèké inú òkun, níparí oṣù kẹfà. Àwa mẹ́rin ni: èmi, ìyàwó mi, ọmọ ọdún 10 àti ọmọ ọdún 6. Ẹ̀gbọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni, ìyá wọn ò mọ̀ ọ́n rárá, ó sì fẹ́ dirun kó tó lọ. Máàsìkì àti snorkel (ọ̀pá tí èèyàn fi ń mí bó bá tẹ ojú bọmi) la fẹ́ fi wo ẹja lábẹ́ omi, kò sẹ́ni tó lò ó rí nínú wa. Láti Atlanta, bàálù máa gbé wa dé Miami, a ó wá háyà mọ́tò. Ṣé a lè fi ìdájí kúrò ní Miami lọ́jọ́ náà gan-an? Kí ni ká rà, kí ni ká fi sílẹ̀? Ṣé ìyá wọn lè wọ omi, àbí kó jókòó ti ẹrù?

Ará Florida

Ẹ má dán ti Miami yẹn wò. Ó tó 160 máìlì sí Key West, ọ̀nà US 1 kan ṣoṣo ló sì ń gorí afárá láti erékùṣù dé erékùṣù. Bí mọ́tò méjì bá forí gbárí níwájú, kò sí ẹ̀bùrú tí ẹ máa gbà. Aago 7 àárọ̀ ni kí ẹ ti wà ní èbúté, aago 8 ni ọkọ̀ ń ṣí, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ sùn sí Key West. Ilé ìgbọ́kọ̀sí kan wà ní Grinnell Street, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn débi ọkọ̀.

Ìrìn orí omi ju wákàtí méjì lọ, torí nǹkan bíi 70 máìlì ni ibẹ̀ sí Key West lápá ìwọ̀ oòrùn. Ẹ máa gúnlẹ̀ ní nǹkan bí aago 10:30, ẹ máa padà wọkọ̀ kí aago 3 tó lù. Wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀ lẹ ní, ká má tan ara wa. Nítorí náà, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀. Ọ̀pọ̀ èrò máa ń tẹ̀ lé afinimọ̀nà lọ wo Fort Jefferson ná, ilé odi oníbíríkì mílíọ̀nù 16 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1846 tí wọn ò sì parí títí dòní. Odi ò ní sá lọ. Omi òwúrọ̀ ló sábà máa ń parọ́rọ́, ẹsẹ̀ èrò ò sì tíì po yanrìn pọ̀ mọ́ ọn.

Oúnjẹ àárọ̀ àti ọ̀sán, owó ìwọlé, máàsìkì, snorkel àti bàtà onílẹbẹ wà nínú owó tí ẹ san. Ní erékùṣù fúnra rẹ̀, kò sí omi mímu, kò sí ṣọ́ọ̀bù, fóònù ò ní gbé. (Àìsí omi mímu yẹn ni "Dry" inú orúkọ náà. Ti Tortugas, Ponce de León ló fi ìjàpá òkun sọ ọ́ lọ́dún 1513.) Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ náà lẹ máa lò. Ẹ gbé omi lítà méjì dání fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ Ìlúwẹ̀ẹ́

Ibi máàsìkì ni ọjọ́ yìí ti ń bàjẹ́ mọ́ ìdílé lọ́wọ́. Bàtà tí ọkọ̀ bá fún yín tó, ṣùgbọ́n ẹ fúnra yín ra máàsìkì àwọn ọmọ, kó jẹ́ ti ọmọdé, kí etí rẹ̀ jẹ́ sílíkóònì. Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé: ẹ gbé e lé ọmọ lójú láìfi okùn kọ́ orí, kó fi imú fa afẹ́fẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá jọ̀wọ́ ọwọ́. Bó bá lẹ̀ mọ́ ojú fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó bá a mu. Bó bá já bọ́, omi máa wọ ibẹ̀, ẹ̀ báà fún okùn títí. Àfúnjù okùn gan-an ló ń ká etí sílíkóònì náà sókè tí omi fi ń ráyè.

Ọ̀tá kejì ni irun. Ìwọ̀nba fọ́nrán tó bá há sábẹ́ etí máàsìkì ti tó láti máa fa omi wọlé. Kí ìyàwó yín di kọ̀lẹ́sẹ̀. Ṣùkú ò ní jẹ́ kí okùn rí ibi dúró sí lẹ́yìn orí, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ sì máa kó ìdí irun wá síwájú orí níbi tí máàsìkì fẹ́ lẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ fá irun ètè òkè. Bí ẹ ò bá fẹ́ fá a, fasilíìnì díẹ̀ máa dí i, kí ẹ ṣáà fi ọṣẹ fọ máàsìkì lẹ́yìn náà, torí òróró ń ba rọ́bà jẹ́.

Máàsìkì tuntun máa ń ṣú bìrìmù nítorí ọ̀rá ilé iṣẹ́ tó wà lára gíláàsì rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín funfun ra inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ ṣàn án. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ̀kán ṣáńpù ọmọ ọwọ́ kan ti tó, ẹ ṣàn án díẹ̀. Itọ́ náà ń ṣe é, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú kọ́ wọn nínú omi ìwẹ̀ tó dé ìgbáròkó. Kí ọmọ dúró, kó tẹ ojú bọmi, kó máa fi ẹnu mí. Èémí gbọ́dọ̀ gùn, kó sì lọ́ra, torí afẹ́fẹ́ tí a mí jáde máa ń kù sínú ọ̀pá náà. Ẹni tó bá ń mí kíákíá, òun náà ló tún ń fà wọlé, àyà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ fún ọmọ ọdún 6 ní ọ̀pá àgbà. Bí omi bá wọ ọ̀pá, kó fi agbára sọ pé "tú!" sínú rẹ̀. Bó bá wọ máàsìkì, kó gbójú sókè, kó fọwọ́ tẹ etí òkè rẹ̀ mọ́ iwájú orí, kó fi imú fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde.

Ìyá Ṣadé

Kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ máàsìkì tó bo gbogbo ojú, èyí tí èèyàn lè fi imú mí? Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Olùkọ́ Ìlúwẹ̀ẹ́

Ìyá Ṣadé, ó rọrùn lójú lóòótọ́, àmọ́ mi ò ní gbà kí ọmọ ọdún 6 wọ̀ ọ́. Àyè inú rẹ̀ fẹ̀, bí ọ̀nà àtẹ́gùn rẹ̀ ò bá sì dára, afẹ́fẹ́ tí a mí jáde á máa kó jọ síbẹ̀. Bí omi bá wọ̀ ọ́, ọmọ ò lè tu ọ̀pá jáde lẹ́nu kó mí. Àfi kó fa gbogbo rẹ̀ kúrò lójú, okùn sì wà lẹ́yìn orí. Ayédèrú rẹ̀ tún kún ọjà.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ti òòyì ọkọ̀: oògùn dimenhydrinate, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ọkọ̀ tó ṣí. Mílígíráàmù 25 sí 50 ni ti ọmọ ọdún 6 sí 11. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 25, kí ẹ bi apòògùn bóyá ó bá oògùn míì tí wọ́n ń lò mu. Ó ń kun ọmọdé lóorun, nítorí náà ẹ dán an wò nílé ní Sátidé kan. Ẹ jókòó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, láàárín sí apá ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni kì í fì púpọ̀. Ojú kó wà ní ibi tí omi ti pàdé ọ̀run, kì í ṣe lójú fóònù.

Ẹ wọ ẹ̀wù ìwẹ̀ alápá gígùn. Ẹni tó dojú bolẹ̀ nínú omi, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí oòrùn, dúdú wa ò sì ní kó má jó wa. Ìpara oòrùn oní-zinc oxide ni kí ẹ rà, èyí tí kò ní oxybenzone àti octinoxate tó lè pa iyùn lára. Bí nǹkan inú omi bá ta ọmọ, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má da omi mímu sí i, ìtọ̀ ńkọ́, rárá o. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kó kọ́kọ́ rí dókítà, torí mímí gba inú ọ̀pá tóóró ń fún àyà níṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tí èémí rẹ̀ bá ń kúrú láìjẹ́ pé ó mu omi, kó yọ ọ̀pá lẹ́nu, kó dojú sókè, kó jáde kíá.

Ará Florida

Ibi tí ẹ máa wọ̀: etíkun gúúsù, níbi tí omi ti ń jìn díẹ̀díẹ̀. Láti ibẹ̀ ẹ lè tọ ara ògiri yàrà olómi tó yí odi náà ká lọ, lápá òde ni o. Wọn ò gbà kí èèyàn wọ omi inú yàrà. Ẹja máa ń tò mọ́ ara ògiri yẹn. Àwọn òpó irin èbúté èédú àtijọ́ ló lẹ́ja jù, àmọ́ ibẹ̀ jìn, ìṣàn omi sì lè le. Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n nìkan, pẹ̀lú bàtà onílẹbẹ. Kútà máa ń dúró síbẹ̀ tó ń wo èèyàn, nítorí náà ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí tó ń dán. Ẹ kọ́kọ́ kọjú sí ìṣàn omi, kó lè jẹ́ pé òun ló máa gbé yín padà nígbà tó bá ti rẹ̀ yín.

Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Irú iyùn kan wà níbẹ̀ tó ń jóni bíi wèrèpè, àti ẹran omi dúdú ẹlẹ́gùn-ún gbọọrọ nínú ihò ògiri. Iyùn náà ohun ẹlẹ́mìí ni, ẹ má dúró lé e.

Ìyàwó yín lè wọ omi dáadáa. Kó wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kó dúró níbi tí omi dé ìgbáròkó, kó tẹ̀ síwájú kó dojú bolẹ̀, kí jákẹ́ẹ̀tì gbé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ pàdánù yanrìn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú le jù lọ: ẹ̀yin méjèèjì ò gbọdọ̀ tẹ ojú bọmi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá wà nínú omi pẹ̀lú àbúrò, kí ọwọ́ yín lè tó o nígbàkígbà. Ìyá rẹ̀ ò lè ṣe ìyẹn fún un níbi tó jìn.

Bàbá Ìbídùn

Ẹ ṣeun gan-an. Ìyàwó ní òun gba ti kọ̀lẹ́sẹ̀. Ó tún ní kí n béèrè: ṣé a lè gbé jọ̀lọ́ọ̀fù dání?

Ará Florida

Ẹ gbé e sínú kúlà kékeré. Ẹ jẹ ẹ́ kó tó di aago 12:30, kó ti dà nínú kí ọkọ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ẹ má fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, eku àti akàn wà níbẹ̀, gbogbo ìdọ̀tí yín lẹ sì máa gbé padà. Ẹ mú súwẹ́tà àti aṣọ gbígbẹ fún àwọn ọmọ: ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ máa ń mú bí yìnyín nígbà àbọ̀.