2147483647: "aláìlèpín" kọ́ o, "aláìṣeépín" ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pe nọ́ńbà bíi 2147483647 ní "òǹkà aláìlèpín", torí kò sí nọ́ńbà tó lè pín in dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n "lè" yẹn ló ń bí mi nínú láti àná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ta là ń pè ní aláìlèsọ̀rọ̀? Ẹni tí òun fúnra ẹ̀ ò lè sọ̀rọ̀ ni. Aláìlèpín á wá jẹ́ ẹni tí ò lè pín nǹkan, irọ́ sì nìyẹn, torí nọ́ńbà yìí ń pín òmíràn dáadáa: ẹ mú 2305843008139952128, ẹ fi 2147483647 pín in, 1073741824 lẹ máa rí, kò ní ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí nǹkan tí nǹkan ọ̀hún ò gbà, "ṣeé" là ń lò fún un. Ọbẹ̀ tó kan ò ṣeé jẹ, aláìsàn ni ò lè jẹun.

Ẹnì kan dá a lóhùn pé "ilẹ̀ náà pín sí méjì" ńkọ́. Mo gbà, àmọ́ ẹ wo "sí" tó tẹ̀ lé e, òun ló gbé gbólóhùn yẹn dúró, "sí" dà nínú aláìlèpín?

Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò tí ojú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán ní St Petersburg ló fi hàn lọ́dún 1772 pé nọ́ńbà yìí ò ṣeé pín, kò sì sí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn o. Ó ti mọ̀ pé èyíkéyìí tó bá máa pín in, tí a bá fi 248 pín òun náà, 1 tàbí 63 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù, ìyẹn ló fi da ọ̀pọ̀ nù, kò sì nílò àtikọjá 46340, torí 46341 lọ́nà 46341 ti ju nọ́ńbà náà lọ. Gbogbo èyí tó kù tó ń dán wò, wọn ò lè pín in. Àwọn yẹn gan-an ni aláìlèpín!

Àbúrò tó sì ní Yorùbá ò lè ka iye tó tó báyìí, ọ̀kẹ́ làwọn àgbà fi ń ka owó ẹyọ. Ọ̀kẹ́ kan, 20000. Ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́, 400000000. Ẹ kó o jọ lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ fi ọ̀kẹ́ 7374 kún un, ó ku egbèjìdínlógún (3600) ó lé mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó pé. Ìyá tó bí bàbá mi ò mọ̀wé rárá, ẹ ò ní rí i kó ṣẹ́nu wò lórí egbèjìdínlógún.

Ti òǹkà àbí nọ́ńbà, mi ò tíì gbà fún ẹnikẹ́ni, èmi náà ń lo méjèèjì. Ẹni tó ní àmì ìsàlẹ̀ ò yẹ lórí "ǹ" inú òǹkà, kó mú ẹ̀rí wá. Ẹ má sì tún fi ìṣírò tẹ́ ẹ kọ́ ní yunifásítì lé mi lórí, gírámà là ń sọ, mo sì ti ń kọ́ ọmọ ní gírámà Yorùbá kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó mọ àmì ohùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu àgbà, níbi tí "aláìlè-" ti tọ́ka sí ohun tí ẹlòmíì ń ṣe síni.