Ṣé kò yẹ kí ìyá lè yan oúnjẹ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́, mo sì fara mọ́ ọn. Ìlànà àjọ náà ti ọdún 1981 tó ní kí wọ́n má polówó mílíìkì ọmọdé fún aráàlú náà dára.

Ṣùgbọ́n omi ọmú mi ò tó, ọmọ ń rù. Nígbà tí mo béèrè mílíìkì, nọ́ọ̀sì ní ọ̀lẹ ni mí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ìlànà yẹn kan náà ló ní kí òṣìṣẹ́ ìlera kọ́ ìyá tó bá nílò mílíìkì bí yóò ṣe pò ó!

Báwo ni mo ṣe lè bá àwọn nọ́ọ̀sì sọ ọ́ láìsí ìjà? Ta ló ti fún ọmọ ní ọmú àti mílíìkì pọ̀ rí?