Àtìpó ni labalábá yìí, kì í ṣe aṣíkiri

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ nínú ìjíròrò yìí, mo kí yín o.

Mo ti ka ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn kọ, níbi tí wọ́n ti ní kí a máa pe labalábá kékeré tí àwọn òyìnbó ń pè ní long-tailed blue, èyí tí wọ́n ń wá kiri ní etí òkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní "labalábá aṣíkiri ọ̀wọ́n". Mo ka ìdáhùn arábìnrin wa láti Lọ́ńdọ̀nù náà, tí ó ní "àtọ̀húnrìnwá" ni ó yẹ ẹ́, àti ti ẹni kẹta tí ó yí i sí "àtọ̀húnfòwá" nítorí pé labalábá kì í rìn. Ẹ̀gbọ́n wa ní ọgbọ̀n ọdún ni àwọn fi kọ́ni ní gírámà, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi wá labalábá náà kò lè dákẹ́, nítorí "kiri" tí wọ́n so mọ́ ọn yìí dùn mí gidigidi.

Kingsdown ni mo ti rí i, ní Kent, láàárín Dover àti Deal, ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2019. Òkè ẹfun funfun dúró gbagidi ní apá òsì wa, òkun wà ní ọ̀tún. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà kì í wo òkè wá labalábá. Irúgbìn kan tí ó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà ni ó ń wá, èyí tí òdòdó rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ó ń lọ́ mọ́ ara ọgbà. Bí a bá ti rí i, a ó bẹ̀rẹ̀, a ó máa yẹ ìdí òdòdó rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá a ó rí ẹyin funfun tí kò ju hóró iyọ̀ lọ. Ó tó wákàtí mẹ́ta kí ọ̀kan tó bà níwájú mi. Kò tóbi ju oríkèé àtàǹpàkò lọ. Ó pa ìyẹ́ rẹ̀ dé, mo sì rí àwọn ìlà funfun wínníwínní lára rẹ̀, bí omi tí atẹ́gùn rọra ń fẹ́. Ní ìsàlẹ̀ ìyẹ́ náà ni ojú dúdú méjì wà, àti ìrù méjì tín-ín-rín bí òwú. Ó ń fi ìyẹ́ ra ara wọn, ìrù náà sì ń mì bí ìwo orí kòkòrò, tí ẹyẹ tí ó bá fẹ́ ṣá a jẹ yóò fi ṣá ìdí ní èrò pé orí ni. Lẹ́yìn náà ni ó là á, àwọ̀ aró sì yọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo "kiri" fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ń kiri ẹ̀kọ, ojúlé dé ojúlé ni ó ń yà. Ẹni tí ó ń rìn kiri kò ní ibi kan pàtó tí ó ń lọ. Àwọn darandaran tí a ń pè ní aṣíkiri ń ṣí láti pápá kan sí òmíràn, wọ́n sì tún ń padà, nítorí koríko ni wọ́n ń tẹ̀lé. Nínú gbogbo rẹ̀, lílọ-bíbọ̀ àti yíyí ká ni "kiri" ń sọ. Labalábá yìí kò yí ká. Ó gbéra láti gúúsù, ó la òkun tí ó ya ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀ kúrò lára Faransé kọjá, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 34 níbi tí ó ti fún jù lọ, ó balẹ̀, ó yé ẹyin sí ìdí òdòdó, ó sì kú síbẹ̀. Àwa tí a ń wá a láti ìdí òdòdó kan dé òmíràn ni a ń kiri.

Ọdún 1859 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, ọdún tí ó bá wá lọ́pọ̀ a máa di ìtàn láàárín àwọn tí ń wá a: 1945, 2013, 2015, 2019. Ní 2013, àwọn tí ó dé ní oṣù kẹjọ yé ẹyin káàkiri etí òkun Kent àti Sussex. Àwọn ọmọ náà wọ inú èèpo èso lọ, wọ́n jẹ hóró inú rẹ̀, wọ́n sì di labalábá ní oṣù kẹsàn-án. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni à bá pè wọ́n, ṣùgbọ́n òtútù ọyẹ́ ibẹ̀ kò jẹ́ kí ìran wọn fìdí múlẹ̀. Kí ni Yorùbá ń pe ẹni tí ó dé ìlú onílùú, tí ó rí ibi wọ̀ sí, tí ó bímọ síbẹ̀, tí ìlú kò sì di tirẹ̀? Àtìpó ni. Nígbà tí ìyàn mú, tí Ábúrámù sọ̀kalẹ̀ lọ sí Íjíbítì, Bíbélì wa sọ pé ó lọ ṣe àtìpó níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ ìwé náà kò sọ pé ó lọ ṣíkiri.

Ní ti "àtọ̀húnrìnwá", àríyànjiyàn "rìn" àti "fò" kò nídìí. Gbogbo wa ni a ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, tí a sì ń sọ pé a rin ìrìn àjò; kò sí ẹni tí ó ń sọ pé òun fo ìfò àjò. Ohun tí mo rí sí ọ̀rọ̀ náà ni pé ibi tí nǹkan ti wá nìkan ni ó ń sọ, kò sọ bí ó ṣe gbé níbi tí ó dé, àti pé ẹnu tí ó bá fi í pe ènìyàn, ìfojú-tín-ín-rín ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ẹnì kan fi òwe dá wa lóhùn pé labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ, nítorí náà kí a má ṣe fún un ní orúkọ ìrìn àjò kankan. Mo fara mọ́ òwe náà níbi tí àwọn àgbà ti ń lò ó, ìyẹn fún ẹni tí ó kọjá àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, wọ́n rí àwọn labalábá kan tí a ń pè ní painted lady ní etí òkun Guyane ti Faransé, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìwádìí tí ó jáde ní 2024 fi hàn pé láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti la òkun Àtìláńtíìkì kọjá, ó lé ní kìlómítà 4,200. Lára ẹ̀rí náà ni ìyẹ̀fun òdòdó ilẹ̀ tiwa tí wọ́n bá lára wọn. Ẹyẹ mélòó ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn kù. Ẹni tí ó kọ "atìpó" láìfi àmì ìsàlẹ̀ sórí "a" fi í ṣe ẹgbẹ́ "akọ̀wé" àti "apẹja", bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ "àlejò" àti "àjèjì" ni. Èyí tí ó burú jù ni "labalábá onírú gígùn" tí ẹ̀gbọ́n wa fi túmọ̀ orúkọ tí òyìnbó ń pè é. Ìrù ni, ohùn ìsàlẹ̀ méjì, bí ó ti wà nínú "ìrùkẹ̀rẹ̀". Onírú ni ẹni tí ń ta irú tí a fi ń se ọbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn yóò ní ẹ̀rọ ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́ta ni ó fara hàn nínú ìwé kan náà.

"Ọ̀wọ́n" ni mo fi sí ìkẹyìn, nítorí ó kan ilé wa. Kent ni labalábá yìí ti ṣọ̀wọ́n; ní ilẹ̀ Áfíríkà, kò sí ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nípa rẹ̀, ẹ̀wà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ìyá-ìyá mi dá oko ẹ̀wà lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Mo rántí àwọn labalábá kékeré aláwọ̀ aró tí ń bà lé òdòdó ẹ̀wà wọn láàárọ̀, mo sì rántí ọjọ́ tí wọ́n la èèpo ẹ̀wà tútù kan, tí wọ́n fi èékánná tọ́ka sí ihò róbótó ara rẹ̀, tí wọ́n ní ọmọ labalábá ni ó ṣe iṣẹ́ náà, kí wọ́n tó jù ú sí adìẹ. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Èmi ọmọdé kò fi í sọ́kàn, wọ́n sì ti sùn láti ọdún 1988.

Nítorí náà, kí a tó sọ ọ́ lórúkọ tuntun, mo bẹ ẹni tí ó bá ní àgbà tí ń gbin ẹ̀wà ní Òkè-Ògùn, kí ó bi wọ́n léèrè nígbà tí ẹ̀wà bá ń tanná, kí labalábá náà wà níwájú wọn bí wọ́n ti ń dáhùn, kí ó sì fi ẹ̀rọ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí àmì orí orúkọ náà má baà sọnù.