Ṣé dandan ni kí n sanwó fọ kápẹ́ẹ̀tì kí n tó kó jáde?

Ẹ̀yin ará wa ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Ọdún 3 ni mo fi háyà ilé kan ní Manchester. Mo fọ kápẹ́ẹ̀tì fúnra mi kí n tó kó jáde, ó sì mọ́ dáadáa. Àmọ́ ẹ́jẹ́ǹtì ní àfi kí n mú rìsíìtì àwọn tó ń fi kápẹ́ẹ̀tì fífọ ṣiṣẹ́ ṣe wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á yọ £150 nínú owó ìdógò mi. Ṣebí òfin Tenant Fees Act 2019, ìyẹn òfin lórí owó tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ayálégbé, ti fòpin sí irú èyí? Àbàwọ́n kan tó wà lára kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, fọ́tò rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ta ló ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ bá àwọn tó ń tọ́jú owó ìdógò? Ẹ̀rí wo ni wọ́n béèrè? Owó yẹn ni mo fẹ́ fi kún ti ilé tuntun, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.