Kí ni wọ́n ń rí lára wa tí wọ́n fi ń mọ orílẹ̀-èdè tí a ti wá?

Arìnká:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lọ́kàn mi láti oṣù tó kọjá, ẹ̀yin tí ẹ ti rìn jìnnà ni mo sì fẹ́ bi.

Mo wà ní pápákọ̀ òfuurufú Istanbul, mò ń dúró de ọkọ̀ kejì. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta lọ́fínńdà, mò ń fa báàgì kékeré mi lẹ́yìn. Mi ò tíì la ẹnu. Ṣòkòtò dúdú ni mo wọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bàtà tí tọmọdé tàgbà ń wọ̀ káàkiri ayé. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó kí mi káàbọ̀, ó sì dárúkọ orílẹ̀-èdè mi gan-an. Kò ṣì í rárá. Mo dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó sá pamọ́ sí.

Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìyẹn, ní Lisbon, bàbá kan tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ fi èdè Potogí bá mi sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Ó dá a lójú pé ọmọ Angola ni mí. Nígbà tí mo fi ọwọ́ júwe fún un pé mi ò gbọ́, inú bí i díẹ̀, ó rò pé mò ń sẹ́ èdè mi ni.

Ojú kan náà ni àwọn méjèèjì rí. Báwo lẹ́nì kan ṣe mọ̀ ọ́n tí ẹnì kejì sì ṣì í? Ṣé ó hàn lójú èèyàn ni, àbí lára ìrìn rẹ̀, àbí wọ́n kàn ń méfò? Ó jẹ mí lógún gan-an, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí kí n tó mọ̀ wọ́n.

Ìyá Ìbejì:

Aṣọ àti ẹrù ni, Arìnká, kì í ṣe ojú. Ẹ wo àpò ẹ̀yìn àwọn ọmọ Kánádà: ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń rán ewé pupa inú àsíá wọn mọ́ ọn, kí wọ́n má baà pè wọ́n ní ará Amẹ́ríkà. Àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ojú kò lè bá wọn sọ ọ́.

Gbàlejò:

Àbúrò mi Arìnká, ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru níbi tí wọ́n ti ń gbàlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, oríṣiríṣi ẹ̀yà ló sì ń dé bá mi. Ojú ló máa ń kọ́kọ́ purọ́ fún mi.

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé ní nǹkan bí aago méjì òru. Bí mo ṣe rí ojú rẹ̀, mo tẹrí ba, mo sì kí i ní èdè Japan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ó kàn gbé pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ síwájú mi jẹ́ẹ́. Ọmọ Brazil ni. Ó ní èmi ni ẹni kẹta lọ́jọ́ náà. Kò jágbe mọ́ mi, ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe mí kanlẹ̀, mi ò sì gbàgbé rẹ̀ dòní.

Mo wá lọ kà nípa rẹ̀. Ọdún 1908 ni ọkọ̀ ojú omi Kasato Maru kó àwọn ará Japan bíi 780 dé èbúté Santos ní Brazil láti wá ṣiṣẹ́ oko. Lónìí, tí a bá yọ Japan fúnra rẹ̀ kúrò, kò sí orílẹ̀-èdè tí ọmọ ìran Japan pọ̀ sí tó Brazil. Alberto Fujimori, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Japan, di ààrẹ Peru ní 1990. Leo Varadkar, tí bàbá rẹ̀ wá láti Íńdíà, di olórí ìjọba Ireland ní 2017. Tí àwọn wọ̀nyí bá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́fínńdà yẹn láìsí ẹni tó mọ̀ wọ́n, ọmọ ibo ni obìnrin náà ì bá pè wọ́n?

Ìṣe ló ń tú àṣírí èèyàn. Bí àlejò bá ń kọ fọ́ọ̀mù, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Ọmọ Amẹ́ríkà á kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù á fa ìlà kékeré gba àárín 7 kọjá, 1 wọn á sì ní imú gígùn débi pé mo ti ka nọ́ńbà fóònù àlejò ní àkàṣì rí. Bí mo bá béèrè pé yàrá mélòó, ará Jámánì á na àtàǹpàkò fún ẹyọ kan, ará Gẹ̀ẹ́sì á na ìka ìfábẹ̀lá. Òrùka ìgbéyàwó àwọn ará Jámánì, Rọ́ṣíà àti Poland sábà máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ti Faransé àti Amẹ́ríkà, ọwọ́ òsì. Síbẹ̀ mo ṣì máa ń ṣì í. Ẹni tó fi òrùka sọ́wọ́ ọ̀tún lè jẹ́ ọmọ ibòmíràn tó fẹ́ ará Norway.

Àwọn onímọ̀ náà ti wò ó. Ní 2003, Abigail Marsh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi fọ́tò àwọn ará Japan àti ti àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ìran Japan han àwọn èèyàn. Nígbà tí ẹni inú fọ́tò bá ń bínú tàbí tí ó banú jẹ́, àwọn tó ń wò ó mọ ibi tó ti wá ju ìgbà tí ojú rẹ̀ wà jẹ́ẹ́ lọ. Ní 2007 wọ́n tún rí i pé àwọn ará Amẹ́ríkà lè fi ìrìn àti bí èèyàn ṣe ń juwọ́ dá ará Australia mọ̀. Ìyẹn bá ohun tí èmi náà ń rí lẹ́nu iṣẹ́ mu.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún ọ. Báàgì kékeré tó ò ń fà yẹn, ṣé o ti já ìwé pélébé tí wọ́n fi máa ń sàmì ẹrù kúrò lára rẹ̀ látìgbà tó o padà sílé kẹ́yìn?

Àbíkẹ́:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe jẹ́ ká fi í mọ sí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù Kejìlá 1992, Rosalind Williams sọ̀kalẹ̀ nínú reluwé ní Valladolid, ní Spain, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn. Obìnrin dúdú ni. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ Spain láti 1969. Nínú gbogbo èrò tó sọ̀kalẹ̀, òun ni ọlọ́pàá wá bá pé kó mú káàdì ìdánimọ̀ jáde. Ọkọ rẹ̀ béèrè ìdí, ọlọ́pàá ní àwọn gbọ́dọ̀ máa yẹ àwọn tó bá rí bíi tirẹ̀ wò.

Ó gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ Spain sì dá ọlọ́pàá láre, títí dé èyí tó ń rí sí òfin ìpilẹ̀. Ọdún 2009 ni Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó sọ pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, pé ìjọba lè yẹ ìwé wò, ṣùgbọ́n àwọ̀ ara nìkan kò tó láti fura sí ẹnì kan pé kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 17! Obìnrin náà ni mo máa ń rántí nígbàkúùgbà tí wọ́n bá yọ mí sẹ́yìn lórí ìlà.

Arìnká:

Ẹ̀gbọ́n Gbàlejò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé báàgì náà sọ̀kalẹ̀ lórí wọ́dúróòbù ni. Ó wà níbẹ̀! Nígbà tí mò ń padà sílé lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ kún, wọ́n gba báàgì náà lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n sì so ìwé funfun mọ́ etí rẹ̀. Mi ò já a. Ó ti rún, igun rẹ̀ kan ti ya, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta tó dúró fún pápákọ̀ wa ṣì dúdú kedere, èèyàn lè kà á láti òdìkejì yàrá. Báàgì mi lobìnrin yẹn ń wò, èmi rò pé ojú mi ni.

Àbíkẹ́, mo ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Lisbon yẹn, ojú mi nìkan lòun wò.

Mo ti fi àlùmọ́gàjí gé ìwé náà kúrò.